Báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tí ń sin ajá ńlá bó ti yẹ, nígbà tí ọmọ kéékèèké wà nílé?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ àti gbogbo ibi tí ẹ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta.

Apá Wàndó ni à ń gbé, nínú ilé tí ọgbà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tí ògiri sì yí ká. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 10, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbíkẹ́yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3. Kútọnu ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló sì ń wálé. Lẹ́yìn tí àwọn olè fo ògiri ilé aládùúgbò wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, èmi àti bàbá wọn fẹnu kò pé kí a wá ajá ńlá kan tí yóò máa gbó bí ẹni tí a kò mọ̀ bá sún mọ́ ilé, ṣùgbọ́n tí ọkàn wa yóò balẹ̀ bí àbíkẹ́yìn bá ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ó sì bà wá lọ́kàn jẹ́. Ọkùnrin kan gbé ọmọ ajá mẹ́rin sínú agbọ̀n lẹ́bàá títì, a sì ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Berger ti ilẹ̀ Jámánì ni, irú ajá ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé, pé ó ti pé oṣù méjì, pé ó sì ti gba gbogbo abẹ́rẹ́. A kò rí ìwé kankan, a kò sì béèrè. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́mi, ó wá páálí kan fún un, ó tẹ́ aṣọ àtijọ́ sínú rẹ̀, ó sì kọ orúkọ náà gàdàgbà sí ara páálí. Ní ọjọ́ kẹrin, ajá náà kọ oúnjẹ. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ keje tó mọ́, ó ti kú. Páálí náà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn ọmọ mi títí di òní, kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù.

N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo lè fi dá ẹni tí ń sin ajá tọkàntọkàn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń tà á? Kí ni kí n béèrè, kí sì ni kí n wò? Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ Boerboel, irú ajá kan tó tóbi gan-an, Berger ló wù mí. Àwọn kan sì ní kí a gba ẹnubodè Kraké kọjá lọ ra á ní Èkó, pé ibẹ̀ ni ajá gidi wà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìdènà, Kétu

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ bá mi kí ọmọkùnrin yín náà, nítorí ikú ajá máa ń dun ọmọdé ju bí àgbà ṣe rò lọ.

Mo sin ajá Berger ní Kétu fún ọdún 14 kí n tó fi í sílẹ̀. N kò ta ajá mọ́, nítorí náà kò sí èrè tí mò ń wá nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá lọ wo ọmọ ajá, ìyá rẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò. Kò sí ọmọ ajá tí kì í wuni, kò sì sí èyí tó lè fi irú ajá tí yóò dà hàn yín ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ yóò fi hàn yín láàárín wákàtí kan. Ẹ ní kí wọ́n mú un jáde wá bá yín. Ó lè kọ́kọ́ gbó yín, iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí olówó rẹ̀ bá ti bá a sọ̀rọ̀, ó yẹ kí ara rẹ̀ wálẹ̀, kí ó wá gbóòórùn ọwọ́ yín. Èyí tó sá wọ kọ̀rọ̀ tó ń gbọ̀n, tàbí èyí tí wọn kò gbọdọ̀ tú kúrò ní ṣéènì bí àlejò bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ìyá tí a ń ra ọmọ rẹ̀ sínú ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, nítorí ẹ̀rù àti ìbínú a máa ti ara ìyá dé ara ọmọ, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ wá, ọmọ sì tún ń rí i kọ́ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ní ìyá wà lóko, tàbí pé ó wà nílé ẹ̀gbọ́n àwọn ní Pobè, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Abo ajá kì í fi ọmọ ọmú sílẹ̀ lọ sí àjò.

Lẹ́yìn ìwà, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àìsàn oríkèé ìbàdí wọ́pọ̀ lára àwọn ajá ńlá: orí egungun itan kì í jókòó dáadáa nínú ihò rẹ̀, yóò sì máa gbo ibẹ̀ títí ajá yóò fi yarọ. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń ya àwòrán egungun yìí nígbà tí ajá bá ti pé ọdún kan, wọ́n á sì fún un ní lẹ́tà láti A títí dé E. A ló dára jù lọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí èyí tó gba D tàbí E bímọ. Bí ẹni tí ẹ lọ bá bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún bàbá àti ìyá, ẹ ti bá ẹni gidi pàdé. Bí kò bá ní in, ojú yín ni kí ẹ lò. Ẹ ní kí ó pe ìyá náà nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Bí ó bá ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ dìde, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ń fò pọ̀ bíi ti ehoro nígbà tó bá ń sáré, ẹ má ṣe ra ọmọ rẹ̀, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ẹ béèrè ọjọ́ orí ìyá náà àti iye ìgbà tó ti bímọ. Abo ajá tó bá jẹ́ irú ńlá kò tíì dàgbà tán kí ó tó pé ọdún méjì, oyún rẹ̀ sì máa ń tó ọjọ́ 63. Ẹni tó bá ń jẹ́ kí ó lóyún ní gbogbo ìgbà tí ara rẹ̀ bá béèrè akọ, owó ló ń lé. Ẹ̀mí mi kì í sì í balẹ̀ sí ẹni tó ní irú ajá márùn-ún mẹ́fà nínú ọgbà kan ṣoṣo, tí ọmọ sì wà nílẹ̀ fún títà láti January títí dé December. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa a máa ní irú kan, bóyá méjì, ẹ óò sì dúró de ìgbà tí ajá rẹ̀ bá bí.

Ibi tí àwọn ọmọ ajá ń gbé tún ṣe pàtàkì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ojú ajá ń là sí ayé, ohun tó bá rí nígbà náà tí kò pa á lára ni kì í bà á lẹ́rù mọ́. Ọmọ ajá tó dàgbà ní ẹ̀gbẹ́ odó tí wọ́n ti ń gúnyán, tí àwọn ọmọdé ń gbé e, tí ó ń gbọ́ ìró mọ́tò, máa ń bá ilé yín mu ju èyí tí wọ́n tì mọ́ inú àgọ́ ẹ̀yìn ilé lọ. Wọn kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ìyá kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fi eyín ṣeré láì dunni. Ọmọ ajá tí kò gba ẹ̀kọ́ yẹn lọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ ọmọ yín ni yóò ti kọ́ ọ.

Ìtàn kan rèé. Nígbà tí mo fẹ́ ra abo tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní in bi mí ní ìbéèrè títí ó fi sú mi: ta ni yóò máa bọ́ ọ, wákàtí mélòó ni yóò máa dá wà, ṣé màá so ó mọ́lẹ̀, báwo ni ògiri mi ṣe ga tó? Mo ní odi kan ti wó lápá kan. Ó ní kí n lọ tún un mọ ná, òun kò ní gba owó mi. Mo bínú kúrò níbẹ̀, mo rò pé ó ń fojú tín-ín-rín mi ni. Oṣù kejì, mo mọ odi náà tán, mo padà lọ, ó sì fún mi ní ajá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó kọ sínú ìwé tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí: pé bí n kò bá lè sìn ín mọ́, ọ̀dọ̀ òun ni kí n dá a padà sí, n kò gbọdọ̀ tà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá. Bí ẹni tó fẹ́ tajá kò bá bi yín ní nǹkan kan nípa àwọn ọmọ yín, kò bìkítà nípa wọn, kò sì bìkítà nípa ajá rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Ìlera Ẹran, Àjàṣẹ́

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi láti Kétu pé, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ajá mìíràn tó wọ ilé yín. Gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ jọ ti parvo, àìsàn kan tó tàn ká ayé láti 1978, tó sì máa ń pa ọmọ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, ó sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún kan. Ọṣẹ lásán kì í pa á. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí kúrò lára sìmẹ́ǹtì, lẹ́yìn náà kí ẹ da omi Javel (bleach tí a fi ń fọ aṣọ funfun), ife kan sínú ife omi 30, sórí rẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Abọ́ tí ajá náà fi jẹun, ẹ sọ ọ́ nù. Páálí tó wà lábẹ́ ibùsùn yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé yóò dun ọmọ náà, ṣùgbọ́n a kò lè fọ páálí. Ẹ sun ún.

Ibi tó jẹ́ ilẹ̀ lásán nínú ọgbà kò ṣeé fọ̀ tán. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọ ibẹ̀ rárá. A máa ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ parvo àti ti àìsàn Carré, àìsàn mìíràn tó ń pa ajá, láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, a óò sì máa tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, nítorí pé agbára tó ti inú wàrà ìyá wá lè sọ abẹ́rẹ́ ìṣáájú di aláìwúlò. Ẹ bẹ ẹni tó ń sin ín pé kí ó fi í pamọ́ fún yín títí abẹ́rẹ́ yóò fi pé, kí ẹ sì san owó oúnjẹ rẹ̀.

Nípa ìwé: kàné, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ajá, tó dára máa ń ní bébà kékeré tí a yọ lára ìgò abẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú ọjọ́, òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí dókítà ẹran. Kàné tí wọ́n kàn fi bíìrò kọ "ó ti gbà á" sí kò ní ìtumọ̀. Ẹ tún béèrè oògùn aràn, tó yẹ kí wọ́n ti máa fún un láti ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n bí i, nítorí aràn ajá lè ran ọmọdé tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ wo inú etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ bóyá eégbọn wà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò ṣeé fi jáfara. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ajá ń gba èkíní. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àrùn yìí ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún, pé ajá ló ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, àti pé nínú mẹ́wàá tí ajá tí wọ́n fura sí bù jẹ, mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí ajá kan bá bu ọmọ jẹ, ti yín ni tàbí ti òde, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró wò ó.

Ọ̀rọ̀ Èkó kò le. Ajá gidi wà níbẹ̀, ayédèrú sì wà níbẹ̀, bó ti rí lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Ṣé ẹ óò lè lọ wo ìyá ajá náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sanwó? Bí ẹ kò bá lè lọ, àwòrán orí fóònù ni ẹ ń rà. Àwọn dókítà ẹran tó wà nítòsí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, nítorí àwọn ló mọ ẹni tó ń gbé abo ajá rẹ̀ wá kí ó tó lóyún, tó sì ń gbé gbogbo ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ lásìkò. Wọ́n mọ ẹni tí wọn kì í rí àfi tí ikú bá dé náà.

Ìyá Orí Òkè, Ṣábẹ

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. A ti ní Boerboel ní ilé wa ní Ṣábẹ, ọdún mẹ́jọ ló gbé pẹ̀lú wa, ọmọ-ọmọ mi mẹ́rin ló sì bá a dàgbà. Ajá rere ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ mọ ohun tó ń béèrè. Àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Áfríkà ló mú irú rẹ̀ jáde láti máa ṣọ́ oko. Akọ rẹ̀ lè wọn ju kílò 60 lọ, nígbà tí akọ Berger kì í sábà ju 40 lọ. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí nínú ilé wa. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kan tí mo ti ọjà dé, inú rẹ̀ dùn, ó yí ìdí padà, ìbàdí rẹ̀ gbá ọmọ ọdún mẹ́ta lu ẹsẹ̀ àga, eyín iwájú méjì sì jáde. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ọmọ, ajá náà sì dúró ó ń mi ìrù, kò mọ ohun tó ṣe. Nítorí ọmọ yín tó kéré jù, Berger ni èmi náà yóò mú, abo ni n óò sì mú.

Mo sì fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí àwọn tó ṣáájú mi. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ajá? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀ kò ní àkókò láti máa jí lóru gbé ọmọ ajá jáde. Àwọn tó ń sin ajá máa ń ní abo ọlọ́dún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọn kò fẹ́ kí ó bímọ mọ́. Ìwà rẹ̀ ti hàn, ìbàdí rẹ̀ ti hàn, ó ti gba abẹ́rẹ́, ẹ̀rù parvo tó wà nínú ọgbà yín kò sì ní tó ti ọmọ ajá.

Ẹni tó bá ta ajá fún yín gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ pẹ̀lú. Ọmọ ajá ńlá kò gbọdọ̀ sanra, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ máa lọ egungun tàbí èèpo ẹyin sínú oúnjẹ rẹ̀ kí egungun rẹ̀ lè le, nítorí ara rẹ̀ kò mọ bí a ti ń da èyí tó pọ̀ jù nù, egungun náà yóò sì wọ́. Ní ti àwọn ọmọ, òfin ilé wa kò pọ̀: a kì í dé ìdí ajá tó ń jẹun tàbí tó ń sùn, a kì í gùn ún, a kì í dì mọ́ ọn lọ́rùn, kò sì sí ìgbà tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ń dá wà pẹ̀lú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bí ajá bá kùn, ẹ má ṣe nà án. Ó ń kìlọ̀ ni, ajá tí wọ́n bá sì ti nà títí tí kò fi kìlọ̀ mọ́, eyín ni yóò fi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìdènà, Kétu

Mo gba ọ̀rọ̀ ìyá wa láti Ṣábẹ wọlé, n kò rò ó kan abo àgbà tẹ́lẹ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: ajá àgbà tí kò bá ọmọdé gbé rí kò yẹ yín. Ẹ kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ wò ó, kí ẹ sì wo ojú ajá náà nígbà tí àbíkẹ́yìn bá ń sáré tó ń pariwo. Bí ó bá yẹra lọ sùn síbòmíràn, ó dára. Bí ó bá dúró gan-an, tó tẹ ojú mọ́ ọmọ láì ṣẹ́jú, ẹ kó àwọn ọmọ yín padà sílé.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Dókítà ẹran kan níhìn-ín ló júwe obìnrin kan fún wa ní ọ̀nà Ìṣakétẹ, Berger nìkan ló ń sìn. Àwa márààrún la lọ. Kí ó tó jẹ́ kí a rí ajá kankan, ó mú wa jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, ó sì bi wá ní ìbéèrè fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ó bi àwọn ọmọ náà. Ó bi àkọ́bí mi pé kí ni yóò ṣe bí ajá bá mú bàtà rẹ̀ sẹ́nu. Ó sọ fún bàbá wọn pé bí ó bá jẹ́ pé ajá tí yóò wà lórí ṣéènì látàárọ̀ dalẹ̀ ni ó ń wá, òun kò ní ta á fún un. Mo wo ojú ọkọ mi, mo rántí odi tó wó ní Kétu.

Ó ní abo kan tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, tó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò sì fẹ́ kí ó bí mọ́. Kàné rẹ̀ pé, bébà ìgò àti òǹtẹ̀ wà lára gbogbo rẹ̀. Ajá náà dìde nílẹ̀ láìfẹsẹ̀ wọ́, ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ó gbóòórùn orí àbíkẹ́yìn, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọkùnrin mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Obìnrin náà kò gba owó wa lọ́jọ́ náà. Ó ní kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, pé òun fẹ́ wá wo ilé wa pẹ̀lú. Ó ti wá ní Sátidé tó kọjá, ó wọn ògiri, ó sì ní kí a dí ihò tó wà lábẹ́ géètì. Birikilà ń bọ̀ lọ́la.

Omi Javel ti kan gbogbo sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé wa. Ní ti páálí, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde ní àná, lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé fún un pé ohun tó pa Ọ̀rẹ́mi lè wà lára rẹ̀. Kí ó tó jẹ́ kí n ṣáná sí i, ó jókòó sórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà, ó sì da orúkọ náà kọ sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, gàdàgbà bó ṣe wà lára páálí.